Ìbọn Orí Ọkọ̀ Ogun Tí Èèyàn Ò Dúró Tì: Bó Ṣe Ń Ṣiṣẹ́ Àti Ohun Tí Kò Lè Bá Wa Mọ̀

Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá ọdún 2000, ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ USS Cole dúró ní èbúté Aden, lórílẹ̀-èdè Yemen, ó ń gba epo. Ọkọ̀ náà gùn tó mítà 154. Ó ní rédà tó ń rí ọkọ̀ òfuurufú lókèèrè réré, ó sì gbé ohun ìjà tó lè fò láti orí òkun lọ ba ilé jẹ́ láàárín ìlú. Ọkọ̀ ojú omi kékeré kan wá rọra ń sún mọ́ ọn, ọkùnrin méjì ló wà nínú ẹ̀. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní èbúté, wọ́n ń kó ìdọ̀tí, wọ́n ń gbé okùn, kò sẹ́ni tó fura sí wọn. Bó ṣe kan ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ogun náà báyìí ni bọ́ǹbù inú ẹ̀ dún gbàmù. Ihò tó ṣí sára ọkọ̀ náà tó nǹkan bíi mítà 12 sí 18. Atukọ̀ ológun 17 ló kú.

Ọ̀rọ̀ yìí ló jí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi lójú oorun. Wọ́n ti náwó nára lórí ọ̀tá tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, àmọ́ fún ẹni tó ti dé ẹnu ọ̀nà, ohun tó kù wọ́n kù ò ju ìbọn tí atukọ̀ kan fọwọ́ ara ẹ̀ dì mú lórí dẹ́ẹ̀kì, tí òjò ń pa, tí ìgbì ń gbọ̀n. Láti ìgbà náà ni irú ìbọn kan ti ń pọ̀ sí i lórí ọkọ̀ ogun káàkiri ayé: ìbọn tó dá dúró lórí ìjókòó ẹ̀ níta, tí ẹni tó ń darí ẹ̀ jókòó sínú yàrá nísàlẹ̀, tó ń wo tẹlifíṣọ̀n, tó di ọ̀pá ìdarí mú bí ẹni ń ta gémù. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí fọ́tò ẹ̀ lórí Google, remote weapon station ni kẹ́ ẹ tẹ̀ sí i. Ìjókòó ìbọn ni mo máa pè é níbí, torí ìbọn gan-an kọ́ ló jẹ́ tuntun. Ibi tí wọ́n gbé ìbọn jókòó sí lọgbọ́n wà.

Kí ló ṣòro nínú kéèyàn yìnbọn lórí omi?

Ká ní ẹ wà nínú danfo tó ń sáré lórí títì tó kún fún kòtò, ẹ wá fẹ́ fi fóònù ya nọ́ńbà ọkọ̀ tó wà níwájú. Bẹ́ ẹ ṣe gbé fóònù sókè ni kòtò míì gbé yín sókè, àwòrán á sì ṣe bàìbàì. Ti orí omi burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Títì ò kì í yí. Òkun ń yí ọkọ̀ sọ́tùn-ún, ó ń yí i sósì, imú ọkọ̀ ń rì, ó ń gòkè, gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Tí ẹnu ìbọn bá yẹ̀ ní dígírì 1 péré, ọta tó yẹ kó ba nǹkan tó wà ní mítà 1,000 máa fi nǹkan bíi mítà 17 tàsé. Ọkọ̀ asáré tí wọ́n ń yìn ín sí lè má gùn ju mítà 6 lọ. Òun náà ò sì dúró. Tó bá ń sá 40 knot, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 74 ní wákàtí kan, á jẹ kìlómítà 2 láàárín nǹkan bíi ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀. Ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀ yẹn ni gbogbo àkókò tí ẹ ní láti rí i, láti mọ ẹni tó jẹ́, láti kìlọ̀ fún un, láti gba àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá, kẹ́ ẹ sì tó yìnbọn. Tẹ́ ẹ bá yìn ín nígbà tó ṣì wà ní kìlómítà 2, ọta máa lò ju ìṣẹ́jú àáyá 2 lọ lójú ọ̀nà, ọkọ̀ náà á sì ti kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀ ní mítà 40 ó kéré tán. Ọdẹ mọ èyí dáadáa. Ọdẹ kì í na ìbọn síbi tí ẹyẹ wà, ibi tí ẹyẹ ń fò lọ ló ń nà án sí. Àmọ́ ilẹ̀ tí ọdẹ dúró lé kì í jó lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀.

Láyé àtijọ́, ohun tí àwọn ayìnbọn orí ọkọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á dúró de ìgbà tí ọkọ̀ bá yí dé ibi tó wù wọ́n, wọ́n á wá yìn ín. Ọ̀gákọ̀ òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Percy Scott ló sọ pé ẹ má dúró de ọkọ̀ mọ́, ẹ máa gbé ẹnu ìbọn sókè sódò bí ọkọ̀ ṣe ń yí, kó má kúrò lójú ohun tẹ́ ẹ fẹ́ bà. Ó tún eyín irin tó ń gbé ìbọn sókè ṣe kó lè yá, ó sì fi awò sí i lára lọ́nà tí ìbọn tó bá tapadà ò ní fi gún ẹni tó ń wò ó lójú. Ní 1899, lórí ọkọ̀ ẹ̀ HMS Scylla, ọta 56 nínú 70 ló bà. Ẹnu ya gbogbo èèyàn. Ọ̀gá ológun kan ní Amẹ́ríkà, William Sims, gbé ọgbọ́n náà lọ sọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá tiẹ̀, wọn ò dá a lóhùn, ló bá kọ̀wé tààrà sí Ààrẹ Theodore Roosevelt. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, iléeṣẹ́ Hazemeyer ti Netherlands ti ń ṣe ìjókòó tó ń bá ìgbì jà fúnra ẹ̀ fún ìbọn Bofors 40 mm. Nígbà tí àwọn ará Jámánì gba Netherlands ní 1940, ọkọ̀ Willem van der Zaan sá dé Ìlú Ọba pẹ̀lú ọ̀kan lórí, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì ṣe irú ẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé ìmọ̀ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láyé kọ̀ǹpútà, ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́. Ohun tó yàtọ̀ ni pé nígbà náà, àwọn atukọ̀ ṣì ní láti gun orí ẹ̀ jókòó.

Orí adìẹ

Ẹni tó bá dàgbà sílé tí wọ́n ti ń sin adìẹ á mọ eré yìí: ẹ gbé adìẹ lọ́wọ́, ẹ mi ara ẹ̀ síwájú, ẹ mì í sẹ́yìn, orí ẹ̀ á dúró sójú kan bí ẹni pé wọ́n kàn án mọ́gi. Ara ń lọ, orí ò lọ. Ohun tí ìjókòó ìbọn yìí ń ṣe gan-an nìyẹn. Tàbí kẹ́ ẹ wo ìyá tó ń kiri ẹ̀pà láàárín go-slow, tó gbé àtẹ lérí láì fọwọ́ dì í, tó ń sáré tẹ̀ lé bọ́ọ̀sì láti gba owó ẹ̀. Ọrùn ló ń ṣiṣẹ́. Ọrùn ti mọ̀ pé ara fẹ́ yẹ̀ sọ́tùn-ún, ó ti fì sósì kí àtẹ tó mọ̀.

Ohun tó ń ṣe iṣẹ́ etí inú fún ìjókòó ìbọn ni gyroscope. Irú ẹ̀ kékeré wà nínú fóònù yín, òun ló ń mọ̀ bí ẹ ṣe ń yí fóònù. Èyí tó wà lára ìbọn péye jùyẹn lọ púpọ̀. Ó ń wọn bí ọkọ̀ ṣe ń yí àti bó ṣe ń yára yí tó, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó ń sọ fún kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ iná méjì: ọ̀kan ń yí ìbọn sọ́tùn-ún sósì, èkejì ń gbé ẹnu ẹ̀ sókè sódò. Bí ọkọ̀ bá yí sọ́tùn-ún, ẹ̀rọ á dá ìbọn padà sósì ní ìwọ̀n kan náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó nídìí tẹlifíṣọ̀n nísàlẹ̀ ò ní rí i pé nǹkan kan ń mì. Inú yín lè rú torí ìgbì, àwòrán iwájú yín ò ní mì.

Ojú ẹ̀ ńkọ́? Lára ìjókòó náà, wọ́n á gbé àpótí kékeré kan sí i. Kámẹ́rà ọ̀sán wà níbẹ̀, tó lè fa nǹkan ọ̀nà jíjìn mọ́ra. Kámẹ́rà tó ń fi ooru ríran wà níbẹ̀, tí òkùnkùn ò dí lọ́wọ́, torí ẹ́ńjìnnì tó gbóná àti ara èèyàn máa ń mọ́lẹ̀ lójú ẹ̀. Lésà wà níbẹ̀ tó ń wọn bí nǹkan ṣe jìnnà tó. Tí ẹni tó ń darí ẹ̀ bá ti fi àmì sórí ọkọ̀ kan lójú tẹlifíṣọ̀n, tó tẹ bọ́tìnì, kọ̀ǹpútà á máa tẹ̀ lé ọkọ̀ náà lọ fúnra ẹ̀. Yóò fi ìwọ̀n lésà àti eré tí ọkọ̀ náà ń sá ṣírò ibi tó máa wà nígbà tí ọta bá máa fi débẹ̀, á sì yí ẹnu ìbọn síbẹ̀. Ohun tó kù ni kí èèyàn yìn ín. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ di gbólóhùn yẹn mú, a máa padà sí i.

Ìbọn tí wọ́n ń gbé sórí ẹ̀ yàtọ̀ síra. Èyí táwọn ará Amẹ́ríkà mọ̀ jù ni M242 Bushmaster, 25 mm, ìbọn tó wà lórí ọkọ̀ ogun orí ilẹ̀ wọn tó ń jẹ́ Bradley. Ẹ̀rọ iná àti ṣéènì, bíi ti kẹ̀kẹ́, ló ń fa ọta wọnú ẹ̀, kì í ṣe agbára ọta tó jáde kẹ́yìn. Àǹfààní ẹ̀ ni pé tí ọta kan bá kọ̀ tí kò bú, ṣéènì á kàn fà á jù síta, á fa òmíì wọlé. Ìbọn tó gbára lé agbára ọta á há, atukọ̀ á sì ní láti gòkè lọ tú u. Bushmaster yìí ń yìn tó nǹkan bí ọta 180 ní ìṣẹ́jú kan, ó sì lè dé nǹkan bíi kìlómítà 2 àti ààbọ̀ dáadáa. Kò pọ̀ lójú ẹni tó ti wo fíìmù. Àmọ́ lórí omi, ọta mélòó kan tó bà sàn ju ẹgbẹ̀rún tó lọ sínú òkun.

Mk 38 ni Amẹ́ríkà ń pe ìjókòó tí wọ́n gbé e lé. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe láwọn ọdún 1980, èjìká atukọ̀ ló gbára lé: ó dúró lẹ́yìn ẹ̀, ó ń fara tì í bí ẹni ń ti ọmọlanke. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Cole ni wọ́n lọ bá iléeṣẹ́ BAE Systems àti Rafael ti Ísírẹ́lì, wọ́n sì mú ìjókòó Typhoon ti Rafael ṣe Mk 38 Mod 2, tí èèyàn ò dúró tì mọ́. Èyí tó wá dé lẹ́yìn náà, Mod 4, ti gba ìbọn 30 mm, iléeṣẹ́ MSI ti Norwich ní Ìlú Ọba ló ni ìjókòó yẹn. Iléeṣẹ́ MSI yìí kan náà ló ṣe DS30M tó wà lórí ọkọ̀ frigate àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Italy ní Hitrole, Faransé ní Narwhal, Norway ní Sea Protector, Turkey ní STAMP. South Africa náà wà níbẹ̀ o: iléeṣẹ́ Reutech ní Sea Rogue, nítorí náà kì í ṣe òyìnbó Yúróòpù nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣe.

Àǹfààní kan wà tí àwọn tó ń ta á kì í pariwo tó, èmi sì rò pé òun ló tóbi jù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìjókòó yìí ò nílò kí wọ́n gbẹ́ ihò sínú ọkọ̀. Orí dẹ́ẹ̀kì ni wọ́n ti ń fi bóòtù dè é mọ́lẹ̀, wọ́n á wá fa wáyà iná àti ti ìsọfúnni lọ sísàlẹ̀, ó parí. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọkọ̀ kékeré tàbí ọkọ̀ àtijọ́ lè gba ojú tó ń ríran lóru, láì jẹ́ pé wọ́n kan ọkọ̀ tuntun.

Àléébù ẹ̀ náà ò kéré. Ọta tó wà nínú àpótí ẹ̀ níye, tó bá tán, èèyàn gbọ́dọ̀ jáde sórí dẹ́ẹ̀kì lọ kún un, ìgbà tí ogun ń lọ lọ́wọ́ sì ni. Iyọ̀ òkun ń jẹ irin, ó ń jẹ wáyà, ó ń gbẹ mọ́ ojú kámẹ́rà. Kùrukùru lè sọ lésà di aláìwúlò. Tí iná bá lọ (ọ̀rọ̀ yìí yé wa ju ọ̀pọ̀ èèyàn lọ), gbogbo ọgbọ́n yẹn á di irin lásán àfi tí wọ́n bá ṣètò bí wọ́n ṣe lè fọwọ́ yí i. Ohun míì tún wà: nítorí pé ẹni tó ń darí ẹ̀ ò rí ara ọkọ̀ tó wà nínú ẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́ kọ̀ǹpútà ní ibi tí ìbọn ò gbọdọ̀ yìn sí, kó má lọ yin ọ̀pá rédà tiwọn fúnra wọn lulẹ̀.

Òkun Dúdú ti fi ẹ̀kọ́ míì hàn

Sri Lanka lo Typhoon lórí àwọn ọkọ̀ asáré ẹ̀ nígbà tó ń bá àwọn Sea Tigers jà, àwọn ọmọ ogun orí omi LTTE tó ń kó bọ́ǹbù sínú ọkọ̀ kékeré, tí wọ́n á sì wà á lọ kọ lu ọkọ̀ ìjọba, ti àwọn ti ikú wọn. Ogun yẹn parí ní 2009. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ti rí i pé ìjókòó ìbọn yìí wúlò lójú ogun gidi.

Àmọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, láàárín ohun tí kò pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún, drone orí omi ti Ukraine mú kí ọkọ̀ ogun Rọ́ṣíà mẹ́ta rì lórí Òkun Dúdú: Ivanovets ní ọjọ́ 1 oṣù kejì, Tsezar Kunikov ní ọjọ́ 14 oṣù kan náà, Sergey Kotov ní ọjọ́ 5 oṣù kẹta. Magura V5, ọ̀kan nínú àwọn drone náà, ò gùn tó mítà 6, kò sí èèyàn nínú ẹ̀, ó sì lè sá tó 42 knot. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wo fídíò wọn lórí X á rántí bí ọta ṣe ń já bọ́ sínú omi lọ́tùn-ún lósì, tí drone ṣì ń bọ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò dáadáa rèé. Kì í ṣe pé Ivanovets ò ní ìbọn tó ń dá ṣiṣẹ́. Ó ní AK-630 méjì, 30 mm, ẹnu mẹ́fà-mẹ́fà, tí èèyàn kì í dúró tì. Òru ni wọ́n wá bá a, wọn ò sì wá ní ọ̀kan ṣoṣo. Ìbọn kan lè tẹ̀ lé ọkọ̀ kan lẹ́ẹ̀kan. Tí mẹ́rin bá wá láti apá mẹ́rin, á jẹ́ pé kí ọ̀kan tó rì, òmíì ti dé. Àti pé nǹkan tó rẹlẹ̀ sójú omi báyẹn, rédà máa ń pàdánù ẹ̀ láàárín ìgbì. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kámẹ́rà tó ń rí ooru tó sì ń ṣọ́nà ní gbogbo òru ló ní ìrètí, kì í ṣe ẹni tí ìbọn ẹ̀ ń yára yìn jù.

Owó náà wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 9 oṣù kìíní 2024, lórí Òkun Pupa, HMS Diamond ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lo ohun ìjà Sea Viper àti ìbọn láti já àwọn drone Houthi bọ́. Owó Sea Viper kan lè ra ọ̀pọ̀ drone. Ẹ wá lè rí ìdí tí gbogbo wọn fi ń padà síbi ìbọn.

Ta ló wà nínú ọkọ̀ kékeré yẹn?

Ẹ padà síbi gbólóhùn tí mo ní kẹ́ ẹ dì mú: ohun tó kù ni kí èèyàn yìn ín.

Ní ọjọ́ 16 oṣù keje ọdún 2012, nítòsí Jebel Ali ní United Arab Emirates, ọkọ̀ tó ń gbé epo fún ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà, USNS Rappahannock, rí ọkọ̀ kékeré kan tó ń sáré bọ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ orí ẹ̀ yin ìbọn 12.7 mm sí i. Apẹja ni wọ́n, ọmọ India. Ọ̀kan kú, mẹ́ta fara gbọta. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní àwọn ti kìlọ̀. Àwọn tó yè ní àwọn ò gbọ́ ìkìlọ̀ kankan.

Ẹ gbé èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ Cole, ẹ ó rí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe le tó. Ní Aden, wọn ò yìnbọn, èèyàn 17 kú. Ní Jebel Ali, wọ́n yìnbọn, apẹja kú. Ọkọ̀ kékeré méjèèjì jọra lójú ẹni tó wà lókè.

Àwọn tó ń ta ìjókòó ìbọn máa ń sọ pé kámẹ́rà ló máa yanjú èyí, mo sì gbà pé òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Atukọ̀ tó dúró sórí dẹ́ẹ̀kì, tí ọkàn ẹ̀ ń lù kìkì, tí oòrùn ń pa lójú, ojú lásán ló fi ń wò. Ẹni tó jókòó nísàlẹ̀ lè fa àwòrán mọ́ra, kó rí i bóyá àwọ̀n ló wà nínú ọkọ̀ náà tàbí àkàbà. Àkàbà jẹ́ àmì pàtàkì, ajalèlókun ló nílò ohun tó máa fi gun ọkọ̀ ńlá, apẹja ò nílò ẹ̀. Ọ̀gá ọkọ̀ náà lè wo àwòrán kan náà pẹ̀lú ẹ̀, wọ́n sì lè gba gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ fún ilé ẹjọ́. Ẹni tí ọta ò lè bà lójú ẹsẹ̀ máa ń ní sùúrù díẹ̀ sí i. Lójú tèmi, sùúrù yẹn níye lórí ju ìbọn náà lọ.

Àmọ́ ká má tan ara wa. Kámẹ́rà tó dáa jù láyé ì bá wo àwọn ọkùnrin méjì ti Aden, òṣìṣẹ́ èbúté méjì ló máa fi hàn yín. Ooru ara èèyàn ni kámẹ́rà ń rí, kò rí inú èèyàn. Ìdí nìyẹn tí Amẹ́ríkà fi fi gbohùngbohùn alágbára kún ọkọ̀ wọn lẹ́yìn Cole, irú èyí tí ohùn ẹ̀ lè dé ọkọ̀ tó ṣì jìnnà, kí ẹni tí kò mọ nǹkan kan lè ráyè yà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ tún ń lọ báyìí ni pé kí kọ̀ǹpútà yìn ín fúnra ẹ̀. Ó ti wà díẹ̀: Phalanx ti Amẹ́ríkà, tí wọ́n ṣe láti já ohun ìjà tó ń fò bọ̀, lè rí nǹkan kó sì yìn ín láì dúró de èèyàn tí wọ́n bá ti tò ó bẹ́ẹ̀. Fún ohun tó ń fò bọ̀ ní eré burúkú, kò sí àyè fún ìpàdé. Àmọ́ lójú omi tí apẹja wà, gbígbé ìpinnu fún kọ̀ǹpútà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ọ̀gá àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, António Guterres, ti ní kí àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò lórí òfin tó máa de irú ohun ìjà bẹ́ẹ̀ kí 2026 tó parí.

Àwa ńkọ́?

Ẹ lè máa rò pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè lèyí. Rárá. NNS Aradu, ọkọ̀ tí wọ́n kàn fún Nàìjíríà ní Hamburg, tó wọṣẹ́ ní 1982, tí orúkọ ẹ̀ túmọ̀ sí ààrá lédè Hausa, gbé ìbọn 127 mm kan àti ìbọn 40 mm mẹ́jọ, tí wọ́n tò ní méjì-méjì sórí ìjókòó mẹ́rin. NNS Centenary tó wọṣẹ́ ní 2015 àti NNS Unity tó tẹ̀ lé e ní 2016, China ló kàn wọ́n, ìbọn 76 mm wà níwájú wọn, ìbọn 30 mm méjì sì wà lára ìkọ̀ọ̀kan.

Òkun tiwa yìí náà ti rí ìjà. Ní 2020, nínú atukọ̀ 135 tí wọ́n jí gbé lórí òkun lágbàáyé, 130 ló jẹ́ ti Gulf of Guinea. Ní ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá 2021, ọkọ̀ frigate Denmark tó ń jẹ́ Esbern Snare pàdé àwọn tí wọ́n fura sí pé ajalèlókun ni wọ́n, ní gúúsù Nàìjíríà lórí òkun. Ìbọn dún, mẹ́rin nínú wọn kú.

Lórí omi yìí kan náà ni àwọn apẹja Ìlàjẹ, ti Badagry àti ti àwọn ìlú etíkun tó kù ń lọ lójoojúmọ́, nínú ọkọ̀ onígi tí wọ́n so ẹ́ńjìnnì mọ́, pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì epo tó tò lọ rẹrẹ nínú ẹ̀, torí pé ọ̀nà jìn, kò sì sí ilé epo lórí òkun. Ajalèlókun náà ń gbé kẹ́ẹ̀gì epo fún ìdí kan náà. Nínú kámẹ́rà tó ń fi ooru ríran, ẹ́ńjìnnì méjèèjì gbóná bákan náà.

Ní Amẹ́ríkà, òfin wà tí ẹni tó bá ní ọkọ̀ ojú omi gbọ́dọ̀ mọ̀: tẹ́ ẹ bá ti wà láàárín 500 yard sí ọkọ̀ ogun, ìyẹn mítà 457, ẹ gbọ́dọ̀ dín eré kù pátápátá. Ẹ ò gbọdọ̀ dé 100 yard, ìyẹn mítà 91, láì gbàṣẹ. Tí ọ̀nà ò bá sí ibòmíì, orí rédíò VHF, ìkànnì 16, lẹ máa ti pè wọ́n. Ìkànnì 16 yìí kan náà ni ọkọ̀ ńlá gbogbo ń gbọ́ ní Lagos àti ní Cotonou. Ọ̀pọ̀ apẹja onígi wa ló ń wọ òkun láì ní rédíò náà.